Mọ́tò Tí Kò Gbọdọ̀ Yá Jù

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni Burl Ketchum.

Òṣùwọ̀n ló fi jẹun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tún òṣùwọ̀n ṣe fún àwọn tó ń ra àgbàdo lẹ́bàá odò Ohio, òṣùwọ̀n ńlá tí odindi ọkọ̀ akẹ́rù ń gùn. Bí àgbẹ̀ bá ní òṣùwọ̀n ń purọ́, tí ẹni tó ń ra àgbàdo ní àgbẹ̀ ló ń purọ́, Burl ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Á wọ abẹ́ irin lọ, á fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó bá máa fi jáde, irọ́ ti tán. Kì í dá sí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní irin kò ní ẹ̀gbọ́n, kò sì ní àbúrò.

Imogene ìyàwó rẹ̀ dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń sọ̀rọ̀ nílé. Burl ń gbọ́.

Ìyókù ìgbé ayé rẹ̀, mọ́tò ni.

Ọdún 1966 ni wọ́n ṣe mọ́tò ọ̀hún. Aláwọ̀ ewé ni, onílẹ̀kùn méjì. Ọwọ́ opó kan ló ti rà á, adìyẹ ló ń sùn nínú rẹ̀. Ó lé adìyẹ jáde, ó fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí Stony Fork, níbi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré lójú ọ̀nà tààrà, méjì méjì, ìdámẹ́rin máìlì péré.

Ẹni tí kò mọ eré yìí á rò pé ẹni tó bá yá jù ló ń borí. Ní ìsọ̀rí tí Burl ń sá, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dá iye tí aago gbọ́dọ̀ kà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: 9.90. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò pé, ó ku tín-ín-rín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ọ̀nà ló borí. Àmọ́ bí aago bá ka ohun tó dín sí 9.90 fún ọ, bó jẹ́ bíi fífẹ̀ ìka mẹ́ta lo fi yá jù, o ti ṣubú nìyẹn, kódà kí ẹnìkejì ẹ máa rìn bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dà bí ẹni tó ń wo inú kànga. O ní láti tẹ̀ síwájú dé ibi tí wàá ti rí omi. Ìṣísẹ̀ tó bá lé sí i, o ti jìn.

Mọ́tò Burl yá ju 9.90 lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ kó lọ bó ṣe fẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án géérégé ló máa fi parí ọ̀nà. Nítorí náà wọ́n fi ìjánu sí i, bí ti gbogbo wọn níbẹ̀. Awo irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ kàbúrétọ̀. Mọ́tò á fò kúrò lójú ìlà, táyà iwájú méjèèjì á gbéra nílẹ̀. Kó tó mí lẹ́ẹ̀kan, awo á pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ dé, mọ́tò á sì rọ̀ bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Àpótí kékeré kan ló ń ka àkókò tí awo máa fi wà ní pípadé. Bí àkókò yẹn bá pé, awo á ṣí, mọ́tò á sì ké. Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè gbé orí kúrò lára ìjókòó.

Gbogbo iṣẹ́ ò ju ẹyọ nọ́ńbà kan lọ: àkókò wo lo máa kọ sínú àpótí yẹn?

Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ń mu afẹ́fẹ́ bó ṣe ń mu epo. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ó wúwo, mọ́tò á lágbára. Bó bá gbóná tó sì rin, mọ́tò á rẹ̀. Oòrùn wọ inú ìkùukùu, ìyẹn nìkan tó láti sọ ẹni tó ti borí di ẹni tó fìdí rẹmi.

Burl kò lè sọ pé kí afẹ́fẹ́ dúró sójú kan. Ohun tó lè ṣe ni pé kí gbogbo ìyókù dúró. Omi rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé ibì kan náà kó tó gun ojú ìlà. Epo gbọ́dọ̀ dé ojú àmì kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ló ń wọn atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn, ó sì máa ń bò wọ́n láṣọ kí oòrùn má pa ọ̀kan ju ìkejì. Tó bá fẹ́ wọ mọ́tò, á kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú akoto lórí àti aṣọ iná lára. Bó bá fi ìdajì pọ́n-ùn fúyẹ́ ju ti àárọ̀, á mu omi ife kan, kí mọ́tò má bàa yá jù. Bó bá wúwo jù, á lọ tọ̀.

“Àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ ọkọ tó ń ka owó,” Imogene máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. “Èmi fẹ́ èyí tó ń wọn ìtọ̀.”

Ìwé sì wà. Mọ́kànlá ni wọ́n, gbogbo wọn ti ń ya létí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kọ wọ́n. Gbogbo ìgbà tó bá sá ló ń kọ ọ́: báwo ni ooru, báwo ni ọ̀rinrin, ìkùukùu ni tàbí oòrùn, ibo ni ìjì ti ń fẹ́, kí ló fi sínú àpótí, kí ni aago kà. Ó ń kọ ti àwọn tó ń bá a gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú, torí pé aago ìta ń hàn sí gbogbo ayé, àpótí aládùúgbò sì wà níwájú rẹ̀ bó bá béèrè. Ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn, kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ju ẹgbàajì ìgbà lọ tí mọ́tò Burl ti sá tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù, ìlà kan kò wọ́.

Nínú gbogbo rẹ̀, kò tíì rí 9.900 rí. Aago máa ń ka nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì. Ó ti rí 9.901 lẹ́ẹ̀meje. Ó ti rí 9.899 lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Òfo méjì yẹn, láìlé láìdín, kò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí.

Ní ọdún 2004, nígbà tí oṣù Ògọ́ọ́sì ń parí lọ, dókítà ojú tan iná sí i lójú òsì. Ó ní ojú yẹn ti ń lọ. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìsáré rẹ̀ mọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Inú mọ́tò níwájú ilé dókítà ni wọ́n jókòó sí. Imogene kò ṣíná sí i.

“Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa sá eré àṣekágbá ọdún yìí ní Stony Fork,” ó ní. “Kí lo fẹ́ níbẹ̀?”

“9.900. Ẹ̀ẹ̀kan.”

“O ò fẹ́ ife ẹ̀yẹ?”

“Ife ń kó eruku.”

Ó ṣíná. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé ọjọ́ eré náà, oòrùn mú láti àárọ̀. Mọ́tò méjìlélọ́gbọ̀n ló wá fún 9.90. Burl sá ẹ̀ẹ̀kíní, ó borí. Ó sá ẹ̀ẹ̀kejì, ó borí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, aago ka 9.911. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ka 9.906. Ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ó ń súnmọ́ ọn. Mọ́tò méjì ló kù, tirẹ̀ àti ti Lonnie Fugate.

Ọdún kọkànlá rèé tí Lonnie ti ń gbé mọ́tò dúdú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Burl. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó ń wa ọkọ̀ èédú ní òdìkejì odò, ní Kentucky. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Bàbá Burl! Ṣé ẹ ti kọ ìwé ogún yín? Torí n ò ní bojú wẹ̀yìn o.”

“Mo ti kọ ọ́. Orúkọ ẹ kò sí níbẹ̀.”

“Mọ́tò yín ṣì ń rùn bí adìyẹ.”

“Adìyẹ náà ló máa ṣá ẹ jẹ lónìí.”

“Lonnie,” Imogene ní, “ẹnu ẹ yá ju mọ́tò ẹ lọ.”

“Ẹ bá mi dúpẹ́, màmá. Bí wọ́n bá gbé aago sí ẹnu mi, ǹ bá ti ṣubú láti àárọ̀.”

Lonnie bá wọ mọ́tò láti gbé e lọ sójú ìlà. Ó tẹ bọ́tìnì. Mọ́tò ní “kẹ́”, ó dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Kò tilẹ̀ ní “kẹ́” mọ́. Iná inú àpótí ìjánu kú. Bátìrì ti lọ.

Ẹni tó ń pe mọ́tò jáde kígbe pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Láàárín àwọn ènìyàn yìí, ẹni tó o fẹ́ bá sá ló ń yá ẹ ní sípánà. Ẹni tó bá borí torí pé mọ́tò ẹnìkejì kò jáde, wọ́n á fún un ní ife, àmọ́ kò ní rí ẹni tí wọn á jọ jẹun. Burl kò tilẹ̀ rò ó. Ó ṣí búùtù, ó tú bátìrì kejì tó dè síbẹ̀, ó sì gbé e lé Lonnie lọ́wọ́.

“Ṣé ẹ fẹ́ kí n nà yín ni, Bàbá?”

“Mo fẹ́ kó o dé ojú ìlà. Ìyókù dọwọ́ ẹ.”

Wọ́n dè é mọ́ ọn. Iná tàn. Àmọ́ àpótí ìjánu ti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Òdo ló ń fi hàn. Lonnie wò ó, ó nu ojú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Kí ni mo fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ rántí?”

Burl gbójú sókè. Ó ń wo apá Kentucky. Ìkùukùu kan ń gun odò bọ̀, ó nípọn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ó mú ẹ̀rọ tó fi ń wọn ooru, èyí tí òwú tútù wà lórí rẹ̀, ó fì í yí po bí ọmọ tó ń fi kànnàkànnà. Ó kà á. Nígbà tó ń kà á lọ́wọ́, oòrùn wọ inú ìkùukùu náà. Ó tún un fì, ó tún un kà. Ooru ti já wálẹ̀.

Ó ṣí ìwé. Ibi tí ó kọ ti Lonnie sí ló ṣí, kì í ṣe tirẹ̀. Imogene ń wò ó láti ẹ̀yìn. Ó mọ ohun tí ọkọ òun fẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Stony Fork tó lè sọ fún Lonnie ohun tó yẹ kó kọ. Bí Burl bá dákẹ́, Lonnie á fi ojú dá a. Kò sí ẹni tó máa dá Burl lẹ́bi.

Burl fi ìka tọ ìlà kan, ó ṣí ojú ewé mẹ́rin sẹ́yìn, ó tọ òmíràn.

“1.66 lo fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,” ó ní. “Oòrùn ti wọlé. Fi 1.68.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Kò sí ohun tó dá mi lójú. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìkùukùu bo ọ lójú báyìí, o fi ti oòrùn sá a, o ṣubú. Ó wà níbí.”

Lonnie kọ 1.68.

Burl wá kọ tirẹ̀. Ó wọn táyà. Ó gun òṣùwọ̀n: ó fi ìdajì pọ́n-ùn fúyẹ́. Imogene bu omi fún un, ó ṣí akoto, ó mu ún tán, ó tún akoto dé, ó wọlé.

Ẹni tí kò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìlà yẹn rí, kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ fún un. Ilẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ìró yẹn kì í gba etí wọlé, àyà ló ń gbà. Mọ́tò méjèèjì sún mọ́ ìlà, Lonnie lápá òsì, Burl lápá ọ̀tún. Iná pupa-rúsúrúsú mẹ́ta tó ń sọ pé kí wọ́n lọ tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Burl tú ọwọ́ lára bọ́tìnì tó di mọ́tò mú lójú ìlà.

Táyà iwájú gbéra. Kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ojú ọ̀run. Mọ́tò balẹ̀. Ìjánu mú un. Ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀, ó ń fà, ó ń fà; ìṣẹ́jú àáyá kan àti àbọ̀ ó lé díẹ̀, ibẹ̀ sì gùn ju ìwàásù lọ. Ìjánu tú. Nǹkan kan gbá a lẹ́yìn.

Ọlọ́gbọ́n á máa wo ẹ̀gbẹ́. Bó bá rí i pé òun ti wà níwájú, á fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀ kí aago má bàa ka iye tó dín. Ojú òsì Burl kò rí Lonnie, òkùnkùn ni apá ibẹ̀. Àmọ́ òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò wá a. 9.900 ló ń wá. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dé òpin.

Ó wà níwájú. Gbogbo èèyàn rí i.

Aago ńlá tàn. Lápá Burl: 9.863. Ó ti ṣubú. Iná ẹni tó borí tàn lápá òsì, lórí Lonnie. Burl ti ń gbójú kúrò kó tó ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ iná náà. Ó padà wò ó. Ó pa ojú òsì dé, ó fi ọ̀tún nìkan wò ó.

9.900.

Ó wa mọ́tò dé òpin ọ̀nà ìpadà, ó pa á, kò jáde. Lonnie ti jáde ní tirẹ̀. Ó ti gba bébà lọ́wọ́ obìnrin tó ń pín in ní ẹnu ọ̀nà, ó ń rìn bọ̀, kò sọ̀rọ̀. Èèyàn kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó na bébà gba ojú fèrèsé.

“Bàbá. Ẹ bá mi kà á. Mo rò pé ojú mi ni.”

Burl bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú. Bébà tín-ín-rín ni, kò nípọn tó èyí tí wọ́n fi ń di iyọ̀. Mẹ́sàn-án, àmì, mẹ́sàn-án, òfo, òfo. Ẹ ro irin tó wà níbẹ̀. Ẹ ro epo, táyà, okùn, bóòtì. Ẹ ro ìkùukùu tó ń kọjá lọ ní tirẹ̀, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń sáré nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rin ìdámẹ́rin máìlì, ó sì bọ́ sórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, bí ẹyẹ ṣe ń bà lé okùn. Burl fi ìka tọ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Òun ni,” ó ní.

“Ẹ̀yin lẹ ṣe é.”

“Ìwọ lo wà á.”

“Nọ́ńbà tẹ́ ẹ fún mi ni.”

“Mo gbọ́.”

Nígbà tí wọ́n padà sídìí ẹrù, Burl jókòó ti ìwé. Kò yé e. Nọ́ńbà tí òun fi sínú àpótí dára. Omi rédíétọ̀ dára. Imogene ń kà á sókè, òun ń mi orí. Kí ló mú mọ́tò yá tó bẹ́ẹ̀?

Lonnie gbé bátìrì dé. “Ẹ gbà, Bàbá, ẹ ṣé.”

Burl fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó dúró báyìí pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó gbé e wálẹ̀.

“Pọ́n-ùn mẹ́tàlélógójì,” ó ní.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” Lonnie bi í.

“Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nínú búùtù yẹn. Ó ti di ara mọ́tò.”

Imogene ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó gbá orí mú. “Burl Ketchum! O mu omi torí ìdajì pọ́n-ùn, o sì gbé mẹ́tàlélógójì fún Lonnie!”

Burl jókòó sórí táyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, tí omi fi jáde lójú tó dára àti èyí tí kò dára. Lonnie kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ mú bébà yìí,” ó ní. “Tiyín ni.”

“Orúkọ ẹ ló wà lórí ẹ̀.”

“Àbí kí n lọ bẹ̀ wọ́n ká tún un sá? Kẹ́ ẹ dá bátìrì padà síbẹ̀.”

“Wọ́n ti pa aago. Mi ò sì ní padà wá.” Ó wá sọ ti dókítà fún un, gbólóhùn mẹ́ta péré.

Lonnie dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wo mọ́tò aláwọ̀ ewé. “Ẹ mọ̀ ọ́n láti àárọ̀,” ó ní, “ẹ sì ṣí ojú ewé tèmi.”

“Ìwọ lo béèrè.”

Burl gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ Imogene. Lábẹ́ orúkọ Lonnie ló kọ ọ́ sí: ìkùukùu, 1.68, 9.900. Ó fa ìlà sí i nídìí. Lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, ó kọ 9.863, ó sì kọ “bátìrì” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pa ìwé dé. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de mọ́tò, wọ́n fà á lọ sílé, ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fi egungun ẹlẹ́dẹ̀ sè, búrẹ́dì àgbàdo, àti àlùbọ́sà tútù. Abọ́ méjì ló jẹ.